Mẹ́rìndínlógún

Mẹ́rìndínlógún ni ilé-iṣẹ́ bí,
mọ́kàndínlógún ló wà láyé lónìí.
Bàbá mi a máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́,
a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.
Kò sẹ́ni tó béèrè nígbà náà
bóyá tiwa wà lára àwọn mẹ́ta tí kò níyàá.

Ní Biella, lábẹ́ òkè tí yìnyín kì í fi sílẹ̀ tán,
nínú ilé ìhunṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́,
ibẹ̀ ló ń gbé.
Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà àti lọ́yà
pẹ̀lú ìjókòó aláwọ, rédíò, àti àwo eérú sìgá.
Òun, eré sísá ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é:
okùn ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀,
ike ni fèrèsé,
alumíníọ̀mù ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé
bí o bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, yóò rántí rẹ.

Nọ́ńbà tí ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sára ilẹ̀kùn ní kánjúkánjú
ti ṣá, méje ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.
"Ẹ jẹ́ kó ṣá," ni bàbá mi ń wí.
"Ẹni tó bá kun arúgbó lójú,
ọjọ́ orí rẹ̀ ló jí."

Nígbà tó kú, Rüegg wá láti Súríìkì
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, awò, àti owó tó lè ra àdúgbò wa.
Ó sùn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó ka nọ́ńbà ṣásí sókè,
ó dìde, ó gbọn eruku nù:
"Ìwé ìbí rẹ̀ dà?"
Ìwé ìbí kẹ̀! Odò ti ya wọ yàrá ìwé ilé-iṣẹ́ náà
kí n tó mọ̀wé.

Mo bá lọ gbé Ersilio wá.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
ojú rẹ̀ méjèèjì ti di kùrukùru,
ṣùgbọ́n òun ló lu àwọn ara náà jáde
nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbòrí táyà òsì
bí agbẹ̀bí,
ó sì dákẹ́ títí ará Súríìkì fi wo aago.

"Èmi nìyí," ó ní.
"Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìsinmi; ẹ̀ẹ̀mẹta, ìsinmi.
Èémí mi kò gùn rí. Ẹ fọwọ́ wá a, ẹ óò bá a."
Ó yí sí ọ̀tún.
Ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó dúró.
"Èyí kì í ṣe tèmi.
Ẹni tó lu èyí, ẹ̀rù bà á."

Rüegg pa ìwé rẹ̀ dé.
Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún… wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ta ló parọ́?
Mo rántí ìgbà òtútù kan, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí:
Bàbá wọlé lóru, iwájú orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.
Láti ọjọ́ náà ilé ìhunṣọ wà ní títì pa
títí alápàǹdẹ̀dẹ̀ fi padà dé.
Mo ń gbọ́ kọ́, kọ́, láàárín òru.
"Àga ló ń tún ṣe," ni ìyá mi sọ.
A ò rí àga kankan.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo pa iná,
mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀tún.
Àmì òòlù kan jìn, òmíràn kò tó nǹkan;
ibì kan wà tó lù ú já,
tó fi pọ́tì dí i, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀ rẹ́gí.

N kò tà á.
Ní Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà mo ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀
kí ọ́ìlì má bàa sùn jù.
Èéfín á gba fèrèsé tó fọ́ jáde,
ajá aládùúgbò á gbó.

Lọ́dún tó kọjá Rüegg fi káàdì ránṣẹ́:
wọ́n tún ti rí òmíràn ní Jàpáàn,
wọ́n ti pé ogún.
Mo dá nìkan jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́,
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.