Kọ́kọ́rọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù.
Kùrukùru ṣì jókòó sórí òkè Ẹ̀fọ̀n
bí àgbà tí kò fẹ́ dìde nílé àna.
Mo ń pọ́n òkè lọ sí ọsibítù,
bàtà funfun mi lọ́wọ́, kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i,
ọkàn mi lẹ́nu.

Màmá mi ló bá mi lọ aṣọ iṣẹ́.
Ọdún kan àtoṣù mẹ́rin ló fi wà nísàlẹ̀ àpótí,
káńfọ̀ ló ń rùn.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó kàn gbọn kọ́là rẹ̀, ó ní,
"Uṣẹ́ rẹ rèé, Ìbíwùmí. Lọ ṣe é."
Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ka owó inú ìgbànú rẹ̀
kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún mi.
Èmi tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí ìgò márùn-ún,
kí ni mo fẹ́ fi bínú?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn mí.
Alẹ́ méje léraléra lẹ́nu iṣẹ́,
nọ́ọ̀sì méjì fún ogójì ibùsùn.
Oògùn díẹ̀ ṣẹ́kù nínú èyí tí a fún aláìsàn.
Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bí ẹ̀ẹ̀kan sí i,
ẹ̀ẹ̀kan sí i ló bí irọ́,
irọ́ ló bí omi lásán tí mo fà sínú abẹ́rẹ́
tí mo sì pè ní oògùn.
Bàbá kan ké mọ́jú lórí omi yẹn.
N kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.
Igbe rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ilé iyì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa.
Ọjọ́ tí wọ́n mú mi, ẹ̀yìn ọjà ni mo gbà délé,
ìborùn lójú.

Mátírọ́nù Fágbohùn kò rẹ́rìn-ín, kò sì lejú.
Ó ní, "Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wàá tọ̀ sínú ike níṣojú mi.
Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò sì gbọdọ̀ kan ọwọ́ rẹ
títí ọdún méjì."
Ọrùn Mosún ni kọ́kọ́rọ́ náà wà,
ọmọ tí èmi kọ́ bí a ti ń wá iṣan.
Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ọwọ́ bò ó
kí n má baà rí i.
Àánú yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Aago mẹ́wàá, wọ́n gbé adẹ́mu kan dé.
Igbà já mọ́ ọn nídìí lókè ọ̀pẹ,
eegun itan rẹ̀ ti yọ síta.
Ó ń ké. Mo mọ igbe yẹn.
Mo pe Mosún. Kọ́bọ́ọ̀dù han.
Ó ṣẹ́ ọrùn ìgò kékeré náà: kẹ́.

Haà, ìró yẹn!
Gbogbo ara mi yíjú sí i
bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.
Itọ́ kún ẹnu mi. Mo gbé e mì.
Mo wo ògiri, mo ń ka búlọ́ọ̀kù,
mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá.
Mosún fún un ní gbogbo rẹ̀,
láìku ẹ̀kán kan,
a sì jọ fọwọ́ sí ìwé.
Ọwọ́ adẹ́mu wà nínú ọwọ́ mi
títí igbe náà fi rọlẹ̀.
"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun," ni ó ní.
Kò mọ ẹni tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, iná ṣọ́ọ̀bù olóògùn ti tàn.
"Nọ́ọ̀sì! Ọjọ́ mẹ́ta kan!"
Mo juwọ́ sí i, mo yà gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́,
ọ̀nà tó jìn, tó sì lẹ́rẹ̀.
Mo gbọ́ odó màmá mi láti ìsàlẹ̀ òkè.
Mo bọ́ bàtà, mo nù ún.
Mo mu omi ife méjì.
Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.