Ẹsẹ Tí Mo Máa Ń Fò

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Òtútù òkè Sàdíníà
ń ti ara òkúta gun orúnkún mi bọ̀.
Apá kan ka ẹsẹ kan, apá kejì dá a lóhùn,
àwa arábìnrin mọ́kànlá, ohùn wa ti gbó ju aṣọ wa lọ.

Sáàmù òní ni èyí tó ń ṣépè.
Ogójì ọdún ni mo fi fo ẹsẹ yẹn,
mo máa ń wúkọ́ díẹ̀ títí yóò fi kọjá.
Mo rò pé kò yẹ kí àdúrà ní eyín.

Ìyẹn kí Bakísíò tó ṣáná sí pápá lóṣù kẹjọ
torí kí koríko tútù lè hù fún àgùntàn rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ yí padà. Efísíò ọmọ àbúrò mi
wà lábẹ́ igi kọ́ọ̀kì pẹ̀lú agbo ẹran.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Irin bẹ́líìtì rẹ̀ la fi dá a mọ̀.
Ní kóòtù, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà.
Olúwa, níbo lẹ ń pa á mọ́ sí?
Ṣé abẹ́ ìtẹ́ Yín ni, àbí inú àyà mi yìí?

Láti ìgbà náà n kò wúkọ́ mọ́.
Mo ń ka ẹsẹ náà ketekete,
níbi tí wọ́n kọ "ọ̀tá" sí,
orúkọ Bakísíò ni mo ń fi ahọ́n kọ.
Arábìnrin Ẹmẹlíndà tó jókòó tì mí gbọ́. Kò bá mi wí.
Ó kàn sún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tèmi nínú òtútù.

Lónìí, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn,
ó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.
N kò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ ikọ́ èéfín yẹn.
Bakísíò ń bá wa ka Sáàmù,
ẹsẹ kan náà, ọ̀tá kan náà.
Ta ló ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé èmi ni?
Àbí orúkọ ara rẹ̀
ni òun náà ń fi ahọ́n kọ síbẹ̀?

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Olúwa,
àwa méjì la jọ ń bẹ̀ Yín
pé kí Ẹ ṣe ohun kan náà fún ẹnì kan náà,
Ẹ ò sì tíì fọhùn.

N kò dárí jì í. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ mi.
Ṣùgbọ́n ohùn mi kọsẹ̀ lórí ẹsẹ yẹn,
ohùn tirẹ̀ ló gbé e dé òpin.