Jogbo Ẹ̀bá Ọ̀nà

Oṣù Òkúdu kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan
tí ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n lára àgbàdo wa,
láti ṣóńṣó, gba àárín gbùngbùn wá sídìí,
bí ẹni fi abẹ là á.
Etí ewé mìíràn ti di elésè àlùkò.
Mo dúró sáàárín poro
bí akọ̀wé tí wọ́n gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀.

Fálúà tó bá wa pààlà fi àdá ti ẹnu ebè,
ó ní, "Ra yúríà,"
bí ẹni ń sọ pé, "Ra iyọ̀."

Mo ti rà á rí, Fálúà.
Èṣí, mo ta ewúrẹ́ méjì,
mo gbé àpò kan lórí ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé,
mo fọ́n ọn sórí ilẹ̀ lásán, n kò bò ó;
òjò alẹ́ ọjọ́ náà kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àkùrọ̀.
Ìrẹsì Ọmọ́yájowó tó wà nísàlẹ̀ dúdú minimini.
Ó tilẹ̀ wá kí mi, ó gbé ìgò epo kan dání,
ó ní òjò ọdún yìí mà dára o.

Àgbàdo tèmi kó igba aṣọ bọ̀ wálé.
Mo bó o, mo bó o:
eyín mẹ́ta níwájú, èrìgì lásán lẹ́yìn.

Ìyá mi kì í pè é ní ilẹ̀.
Ulẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó tú ọwọ́,
ó fò lọ bí eérú.
"Bàbá rẹ máa ń fi oko yìí sílẹ̀ ní ìgbòrò,
ọdún mẹ́fà, ọdún méje,
títí ọ̀kẹ́rẹ́ yóò fi gbàgbé pé ọkọ́ débẹ̀ rí."

Ìgbòrò dà?
Wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níhà ọ̀hún,
ṣọ́ọ̀ṣì gba ìhà kejì,
èyí tó kù, ọdún mọ́kànlá la ti ń jẹ ẹ́
láìjẹ́ kó jókòó.
A sì ń sun pòròpórò kí oko lè mọ́,
bí ẹni ń sun oúnjẹ ọmọ kí àwo lè mọ́.

Jogbo ni mo bá pàdé lọ́nà Ìjẹ̀ṣà-Isu,
kò tí ì tanná, òdòdó rẹ̀ di Ọ̀wàrà;
igbó tí ewúrẹ́ ń gbóòórùn tó ń yà fún.
Mo gé e, ìdì mẹ́rìndínlógún.
Mo rù ú, omi rẹ̀ ń ro sí mi létè,
ẹnu mi korò di ọjọ́ kejì.
Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín:
"Ẹlòmíràn ń ro èpò kúrò lóko, èyí ń rù ú wọ̀ ọ́!"
Mo la ẹ̀gbẹ́ ebè, mo tẹ́ ẹ sínú.
Mo bu ìgbẹ́ adìyẹ Ìbíjọkẹ́ lé e,
èyí tó ti rà, tí kò gbóná mọ́.
Yúríà tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àpò,
ìdérí ìgò kan sí ìdí kọ̀ọ̀kan,
mo bò ó bí àṣírí.

Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan.
Fálúà kò sọ̀rọ̀; àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo fi ọwọ́ tú ìdí kan:
ekòló.
Ẹyọ kan, pupa, tó ń júbà,
ilẹ̀ sì ń lanu fún un.
N kò rí i rí lóko yìí
láti ọjọ́ tí mo ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.
Mo kí i. Ẹ má bi mí pé kí ni mo sọ.

N kò ní purọ́: poro mẹ́ta lẹ́bàá àpáta ṣì pọ́n.
Ibẹ̀ kò tí ì dárí jì mí.

Nínú oṣù Ògún, ìyá mi sun ọ̀kan,
ó ń yọ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó kà á títí tó fi sú u.
"Kò korò," ló wí.
Ó dìde, ó kó háhá àti ṣùkù rẹ̀ jọ,
kò jù ú síná.
Ó gbé e padà lọ sóko.