Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Káńsù gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa kan lé mi lọ́wọ́,
búrọ́ọ̀ṣì méjì, àti ìwé pélébé kan.
Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé náà rèé:
MA MU OMI YII.
Wọn ò fi àmì kankan sí i.
Ẹgbẹ̀rún náírà lórí kànga kọ̀ọ̀kan,
kí n kọ ọ́ gàdàgbà, kí n má fi iṣẹ́ falẹ̀.

Kànga mọ́kànlélógójì,
láti ẹ̀yìn Òkè-Ìjẹtù títí dé etí odò.
Mo ti mu nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ.

Táǹkì kẹta ló bẹ́, lóru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀.
A gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹnì kan fa ìgàn aṣọ tuntun ya.
Òórùn tó tẹ̀ lé e dùn díẹ̀,
bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kọjá pípọ́n;
ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó jókòó sí wa lójú.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adìẹ Sùwébátù wà lórí ẹyin rẹ̀,
kò jí mọ́.
Ewé ìbẹ́pẹ funfun bí tákàdá.
Àwọn Bísíríyù tó ń ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀,
mẹ́rin lọ, ẹnì kan dé,
kò sì tíì sọ̀rọ̀ títí di òní.
Ó di oṣù mẹ́ta. Ikọ́ la fi ń kí ara wa láàárọ̀.
Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wá bá wa kẹ́dùn láti inú ọkọ̀;
kò yí gíláàsì wálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ la rí tó ń mì.

Èmi kan náà ni mo kọ pátákó ẹnu géètì wọn
lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn:
ÀÀBÒ NI ÀKỌ́KỌ́.
Mo fàmì sí gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.
Wọ́n ní àwọn ò bẹ̀ mí ní àmì,
wọ́n yọ igba náírà nínú owó mi.

Ìyá Mọ́níléọlá aláró tẹjú mọ́ inú kànga tirẹ̀, ó pẹ́.
Omi náà mọ́ gaara.
"Mo mọ omi tó ń rẹ nǹkan," ó ní.
"Aṣọ kọ́ ni èyí ń rẹ o. Àwa ni."

Kànga kejìdínlógún wà ní àgbàlá Bàbá Lámídì,
tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó fi ẹ̀kọ́ àgbà mọ̀wé.
Ọ̀dà ò tíì gbẹ tó fi gbé awò sójú,
ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
ó rẹ́rìn-ín:
"Máa mu omi yìí.
Ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Àlìhámúdùlílàhì."
Ó ti ń wá okùn korobá.

Àyà mi já.
Mo gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, mo fàmì sí i lójú rẹ̀,
mo sì ká ọ̀nà náà padà, kànga mẹ́tàdínlógún nínú oòrùn,
láti lọ fi ohun tí kò ju èékánná lọ lé orí A.
Káńsù ò san owó ìyẹn.
Ta ni n ó bi léèrè
àwọn tó ti kà á kí n tó padà dé?

Tìyá mi ni mo fi ṣe ìkẹyìn.
Ó ní, "Kọ ọ́ kékeré. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn.
Kí la ó wá gbé fún àlejò kó tó jókòó?"
Mo kọ ọ́ síwájú.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀ ti Ìkìrun dé.
Mo rí ìyá mi ní ìdáná, ó ń fi eyín fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ya,
ó dà á sínú ife tánganran, ó fi ọmọrí dé e,
ó gbé e jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí kànga dé.
Àlejò di ife mú. Ó wo kànga. Ó wò mí.

"Ẹ máa mu ún," ni mo wí.
Mo fa A náà gùn dáadáa,
kí etí má ṣì í gbọ́.