Ìwọ̀n Ohun Tí A Kò Rí

Òṣùpá wọ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Hiskia Gowaseb tẹ bọ́tìnì, awò ńlá náà gbójú sókè
lórí òkè Khomas, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun.
Láti àárọ̀ ló ti dorí kodò,
kí oòrùn má baà bọ́ sínú dígí, kó dáná sun pápá.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná. Sìgá pàápàá,
Wiebke ní ó di ìdájí.

Ibi tí à ń wò kò jọ nǹkan kan:
ìdìpọ̀ ìràwọ̀ aràrá,
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tó èyí tí wọ́n ń fi wá abẹ́rẹ́.
Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ,
wọn ò sì tú ká.
Nǹkan kan dì wọ́n mú,
nǹkan tó wúwo, tí kò ní òjìji,
tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá láì kí i.

Bàbá Hiskia da ewúrẹ́ ní Sesfontein.
Á tẹjú mọ́ iyanrìn: "Eléyìí lóyún.
Eléyìí ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn."
Kò tíì rí ẹran o. Ilẹ̀ tí ẹran tẹ̀ ló ń kà.

Bí èyí tí à ń wá bá kọlu irú ara rẹ̀
(ẹ jọ̀ọ́, ẹ di "bí" yẹn mú),
àwọn méjèèjì á parẹ́, ìtànṣán gámà á ta yọ,
á rin ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá ọdún,
á wá fọ́ sínú afẹ́fẹ́ wa, á ju iná búlúù kan sílẹ̀.
Ká ṣá ìṣẹ́jú àáyá kan wẹ́wẹ́,
ẹ̀rún kan ṣoṣo ló ń lò láyé.

Iná búlúù yọ. Ó yọ láìmọye ìgbà.
Wiebke ń ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà:
èyí kì í ṣe gámà;
èyí gámà ni, ibòmíràn ló ti wá.
Òru mẹ́tàlélógún. Wákàtí méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Òfo.

Mo bi í bóyá kò sú u.
Ó mu kọfí tútù, ó fa ìlà kan sórí ìwé:
"Bó bá wà níbẹ̀, kò lè tàn ju báyìí lọ."
Àwọ̀n la dẹ, ìwọ̀n la kó.

Ilẹ̀ mọ́. Awò dorí kodò.
Hiskia jáde, ó ṣáná sí sìgá,
ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pè mí.
Ìkookò ti rìn yí wa ká lóru, ẹ̀ẹ̀mẹta,
a ò gbọ́ nǹkan kan.