Tún Jìyà

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ní Malumfashi,
ajádìí agbọ̀n ni etí mi:
wọ́n ń da ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ń jò lọ.
Mo mọ "sannu", mo mọ "na gode",
mo sì mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀dẹ̀
nígbà tí aláboyún bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi.
Zulaihatu tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì á túmọ̀ ìdajì,
á gbé ìdajì jì, nítorí ó máa ń kánjú.

Ṣọ́ọ̀bù Bilyaminu télọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé mi.
Kí ìrun àsùbáà tó tán dáadáa
ló ti tan rédíò kékeré rẹ̀,
orin kan náà, láràárọ̀, orin kan ṣoṣo,
ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ há bí ẹni tó gbé omi gbígbóná mì.
Mo kọ́kọ́ fi ìrọ̀rí di etí.
Nígbà tó yá, mo yọ ìrọ̀rí.

Mo gbọ́ "tún jìyà".
Mo ní, háà, ṣé ará Ìgbájọ ni akọrin yìí ni?
Ó tún jìyà! Ta ló fìyà jẹ ẹ́?
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló wí i kí orin tó parí, mo kà á.
Lẹ́yìn rẹ̀ ló ní "rù wá, rù wá",
mo rò pé ó ń bẹ ẹnìkan kó gbé àwọn pọ̀n.
Mo ń mu ògì, mo ń káàánú rẹ̀.

Mudi, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Bilyaminu,
fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nígbà tí mo bi í.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
"Tun jiya": láti àná.
"Ruwa": omi, òjò.
Láti àná ni òjò ti ń rọ̀, odò ti kún,
kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó wà ní òdìkejì.
Gbogbo ìyà tí mo ti ń bá a jẹ, kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa orin bí ẹni ṣa ẹ̀wà.
Lónìí ọ̀rọ̀ kan, lọ́la kò sí nǹkan kan,
lọ́tùnla ọ̀rọ̀ méjì tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́
á kàn dìde, á kí mi.
Mo bá "albasa" pàdé nínú orin mìíràn, mo fò sókè:
àlùbọ́sà! bí ẹni rí ará ilé nínú ọkọ̀ ojú irin.
Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn káàdì àjẹsára tó ti bàjẹ́.
Bí wọ́n ṣe ń fa ohùn gùn ni mi ò lè kọ;
ẹnu ni mo fi ń tẹ̀ lé ìyẹn nídìí ìfọṣọ.

Òru Ọjọ́bọ̀ kan, Zulaihatu lọ síbi ìkómọ ní Kankara, kò tíì dé.
Iná ti lọ.
Ìyá àgbà kan, Delu, fi èjìká ti ilẹ̀kùn,
ó wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé,
ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ọkà láti inú àpò tó ya.
Mi ò gbọ́ ọ̀kan. Mi ò gbọ́ ọ̀kan.
Àfi
"ruwa",
àti, lẹ́yìn tó mí,
"tun jiya".

Ara mi bù máṣọ.
Omi. Láti àná.
Omira ọmọ yìí ti dà láti àná!
Mi ò dúró de ògbufọ̀.
Mo di tọ́ọ̀ṣì mú sẹ́nu, mo fa abẹ́rẹ́,
mo ránṣẹ́ sí awakọ̀ kó jí, kó jí, kó jí.
Àfẹ̀mọ́jú ló padà dé láti ọsibítù ńlá:
ọkùnrin ni, ó kéré, ó sì ké.

Mi ò sọ fún Bilyaminu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?
Ọ̀pá aṣọ mẹ́ta ni mo gbé lọ, pé kó bá mi rán an.
Ó sọ̀rọ̀ títí, mo gbọ́ ìdajì,
mo fi ẹ̀rín dí ìdajì tó kù, bí ti àtẹ̀yìnwá.
Orin náà ṣì ń lọ.
Ọ̀rọ̀ kúkurú kan wà ní ìparí rẹ̀,
tó máa ń já bí òwú,
tí mi ò tíì mọ̀.
Mudi gbójú sókè, ó fẹ́ sọ fún mi.
Mo ní kó dákẹ́.