Ojú Ife

Òkè ya lu ọ̀nà ní Báníhálì lóru ọjọ́ Ẹtì.
Awakọ̀ pa iná ọkọ̀, ó ní kí kálukú wá ibi forí pamọ́ sí.
Mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká,
èmi Bíríjù, ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ Bìhárì,
tí wọ́n rán wá so wáyà iná tí yìnyín já,
tí n kò rí yìnyín rí àfi nínú fíríìjì.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo rí èéfín lórí rẹ̀ ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.
Arúgbó obìnrin kan ṣí i,
ikùn rẹ̀ yọ gọnbu lábẹ́ ẹ̀wù irun àgùntàn.
Mo ní, oyún kẹ̀? Ojú ara mi tì mí:
ìkòkò iná ni, tí wọ́n hun igi wẹ́wẹ́ yí lára,
tó gbé mọ́ abẹ́ aṣọ bí ẹni gbé ọmọ.
Ó yọ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́
kó tó béèrè orúkọ mi.

Mókítà lorúkọ tirẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Ewé tíì ti ń hó láti àárọ̀.
Ó bu omi tútù lù ú, bí ẹni ń mú un bínú,
ó ń fi ìgbakọ bù ú sókè, ó ń dà á padà,
ó ń bù ú, ó ń dà á,
títí omi fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àkùkọ,
tí wàrà bọ́ sí i,
tó wá dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé tí òtútù ta.
Ó rọ ọ́ sínú sámófà bàbà tó gbé èédú pupa mì.
Ó bù fún mi. Mo fẹnu kàn án.
Iyọ̀!
Mo ní, àgbà dé, ojú ti ń ṣe bàìbàì,
ṣúgà ló fẹ́ mú, iyọ̀ lọ́wọ́ bà.
N kò wí. Mo dijú, mo gbé e mì bí àgbo.

Ife ṣófo, ó kún un.
Mo mu ún, kí ojú má baà tì í. Ó tún kún un.
Búrẹ́dì pẹlẹbẹ, yànmọ̀tí lójú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún mú.
Ní ife karùn-ún ahọ́n mi ti gbà fún iyọ̀,
ikùn mi ló ń bẹ̀bẹ̀.
Mísìrà, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Fọwọ́ bo ife rẹ, ọ̀gá oníná!
Bí o bá ṣí i sílẹ̀, wọn ò ní dúró títí yìnyín á fi yọ́."

Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n.
N kò mọ̀ pé ojú ife a máa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lọ̀nà fi dí.
Kò bi mí pé ta ni mò ń gbàdúrà sí.
Ohun tó bi mí ni: "Ìyá rẹ ń bẹ?"
Láàárọ̀ ìkarùn-ún ó se èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin,
sáfúrónì, álímọ́ńdì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ṣúgà dáadáa.
Ó ní iyọ̀ ni fún ẹni tó jókòó, adùn ni fún ẹni tó ń lọ.
Mísìrà ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀,
pé ṣe ni màmá àgbà ń dá òwe sílẹ̀.
Mo yọ owó.
Arúgbó wò ó bí ìgbà tí mo yọ ọ̀pọ̀lọ́ lápò.

Lọ́dún kẹta, yìnyín tún já wáyà.
N kò dúró dìgbà tí òkè bá ya.
Mo fẹsẹ̀ gòkè, àpò iyọ̀ kan lábíyá.
Mókítà dùbúlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé,
ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé tó ti hó kọjá àlà.
Mísìrà ló ń rọ tíì báyìí.
Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ na sámófà sí.
Arúgbó gbọ́wọ́ sókè, díẹ̀díẹ̀,
ó fi bo ojú ife
kí ẹ̀kán kan tó kán sí i.

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Èédú ta pàrà.
Mísìrà yíjú sí mi.
Mo ṣí ojú ife tèmi sílẹ̀,
mo sì mu títí ilẹ̀ fi ṣú.